Ẹyọ Pẹ́pẹ́yẹ Kan Tí Wọ́n Fi Ṣe Ẹlẹ́rìí

Òórùn pákó tí ooru iná ti wọ̀ lára ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé sí ilé mi ní Lugbe, òun nìkan ló sì ń pàdé mi ní ọdún náà. Ìyàwó mi ti lọ sí òkè òkun láti bá ọmọbìnrin wa wẹ ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́ta ni àdéhùn wa. Ọmọ rá bàbà, ọmọ dìde, ọmọ ń sáré, ìyàwó mi kò tíì padà. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ti gbé ọmọ-ọmọ mọ́ra rí yóò mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé oníyàrá mẹ́ta tí ènìyàn kan ṣoṣo ń gbé ní ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀, ó sì wúwo ju ti ilé tó ṣófo lọ. Ènìyàn a máa gbọ́ ìró ṣíbí ara rẹ̀ lára àwo. Bí mo bá pe òkè òkun tí ó jẹ́ pé ọmọ mi ló gbé fóònù, èmi a sọ Yorùbá, òun a fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, nítorí àwọn ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní Àbújá, etí wọn yá ju ẹnu wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni n ó wá rí i pé láti àárọ̀, Yorùbá kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ni èyí tí mo ti ẹnu ara mi sọ.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń ṣàwàdà níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Obìnrin kan láàrin wa, tí ó ń sin pẹ́pẹ́yẹ sí ẹ̀yìnkùnlé rẹ̀ ní Karu, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a tún pàdé, ó gbé abọ́ kan lé mi lọ́wọ́, ẹyin pẹ́pẹ́yẹ mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, ó fi lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ́ ẹ nísàlẹ̀.

"Ẹ lọ wá nǹkan tí yóò máa mú wọn móoru, Bọ̀dá," ó ní. "Bí wọ́n bá fi lè pa, ariwo ilé yín á tó yín."

Mo ra ẹ̀rọ tí ń bá adìyẹ sàba. Àpótí pákó kan báyìí ni, ó ní fèrèsé dígí, gílóòbù méjì, fáànù kékeré àti abọ́ omi nísàlẹ̀ kí inú rẹ̀ má baà gbẹ. Orí àga tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí ni mo gbé e lé ní pálọ̀, nítorí ẹ̀bá ibẹ̀ ni ojú iná wà. Mo ti gbé e síbẹ̀ tán kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń yí àwọn ẹyin náà padà bí ìyá wọn ì bá ti ṣe. Bí mo bá sì ti ń yí wọn, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀: ẹni tí wọ́n gbé gorí ẹni tó mọṣẹ́ jù ú lọ ní ọ́fíìsì wa, títì tí wọ́n gbẹ́ tí wọn kò dí, gbogbo ohun tí ó bí mi nínú lójúmọ́ náà. Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú ìtọ́jú o, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ! Ẹ má jẹ́ kí ìyẹ́ hù lára yín kí n tó dé."

"Tètè máa bọ̀, kí o wá bá mi tu ú."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó fẹ́ pa fóònù.

Àwọn ẹyin náà ti wà nínú ẹ̀rọ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí mo wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí òórùn pákó kò pàdé mi. Kí n tó tẹ iná ni mo ti mọ̀. Ìlà ilé tiwa nìkan ló ṣókùnkùn. Iná ń tàn yòò ní ìlà kejì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò fara sin. Ọwọ́ alága àdúgbò wa ni kọ́kọ́rọ́ àgò tíráńsífọ́mà wà. Ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹja inú yìnyín, ìlà kejì sì ni ilé ẹja náà wà. Nígbà tí okùn iná tí ń lọ sí ìlà tiwọn jó, alága mú ẹnì kan wá, ó ní kí ó gbé wọn sórí okùn tiwa tó lágbára, kí ó sì so tiwa mọ́ èyí tó ti kú. Kò bi ẹnikẹ́ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo lọ bá a. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, aládùúgbò mi kan, tí ògiri ilé rẹ̀ fara kan tèmi, jókòó tì í.

"Alága, okùn iná wa lẹ gbé fún ilé ẹja."

"Kai! Ọ̀gá, ẹ rọra. Ṣé ẹ̀yin kì í jẹ ẹja ni?"

"Mo ní ẹyin nínú ẹ̀rọ. Bí kò bá sí ooru, wọn yóò kú."

"Ẹyin kí ni?"

"Ti pẹ́pẹ́yẹ."

Ó yíjú sí aládùúgbò mi. "Ẹ gbọ́ nǹkan! Nítorí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, kí ẹja odindi àdúgbò jẹrà!"

Aládùúgbò mi rẹ́rìn-ín. Inú òkùnkùn bíi tèmi ni òun náà yóò sùn sí, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín, tọkàntọkàn. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ alága lọ.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré mi ń ràn mí lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí n kò sí nílé. Nítorí náà ni mo ṣe ń gbé àwọn ẹyin lọ sí ibi iṣẹ́. Mo da omi gbígbóná sínú ìgò, mo fi aṣọ ìnura wé wọn, mo to ẹyin sáàárín wọn nínú kúlà, mo sì gbé kúlà náà lé itan nínú ọkọ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí lọ́jọ́ kan wò ó títí.

"Dádì, ṣé mọ́ínmọ́ín lẹ gbé? Ẹ bá mi yọ méjì."

"Ẹyin ni."

"Ẹn-ẹ́n, bíbọ̀ àbí díndín?"

"Ọmọ ṣì ni wọ́n."

Ó sún kúrò lára mi díẹ̀. Ní ọ́fíìsì, mo ń gbé kúlà náà sábẹ́ tábìlì, mo sì ń dìde lọ pààrọ̀ omi ìgò. Gbogbo wọn ló rí mi. Kò sí ẹnì kan tó bi mí pé kí ni mo ń tọ́jú. Ó yà mí lẹ́nu pé mo ń retí kí wọ́n bi mí.

Mo ti kà á lórí fóònù mi, nínú ìwé àwọn òyìnbó, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹyin pẹ́pẹ́yẹ fi ń pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, ẹyin kankan kò mira. Mo jókòó, mo sì kọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí sórí Wasáàpù àdúgbò: ẹni tó gbé okùn iná, ìdí tí ó fi gbé e, àwọn ilé tó wà nínú òkùnkùn, ẹyin mẹ́wàá tó ṣòfò. N kò bú ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ lẹ́yìnwá ọ̀la pé òun kò gbọ́. Wọ́n kà á. Mo rí i bí àmì náà ṣe di búlúù. Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Nígbà tó yá, ẹnì kan fi àdúrà ìrọ̀lẹ́ ránṣẹ́, gbogbo wọn sì ṣe àmín.

Àwọn baba wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Wọn kò sọ fún wa ohun tí yóò bá ẹni tó sọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú dákẹ́ mọ́.

Agídí ló jẹ́ kí n máa bá omi gbígbóná lọ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo gbà pé ó tó. Mo gbẹ́ ihò sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùnlé, mo gbé kúlà náà kalẹ̀, mo sì ṣí i. Ojú tì mí láti sin wọ́n láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, bí ẹni ń da ilẹ̀ ilé nù. Mo sọ fún wọn pé, "Ẹ má bínú. Mo sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn."

Nǹkan kan dún nínú kúlà.

Mo rò pé ìgò ló fara gbá ìgò. Mo tún sọ̀rọ̀. Ó tún dún, ohùn tín-ín-rín kan láti inú èèpo, bí ìgbà tí ènìyàn bá rọra fi èékánná ha dígí. Mo dákẹ́, ó dákẹ́. Mo ní, "Ta nìyẹn?" Ó dáhùn. Mo kúnlẹ̀ sẹ́bàá ihò náà, èmi àgbàlagbà, mò ń bá ẹyin sọ̀rọ̀, ó sì ń dá mi lóhùn.

Ọjọ́ kejì ló jáde, ara rẹ̀ tutù rinrin, ó yẹ́lò, ó sì dúdú lórí bí ẹni dé fìlà. Mo pe obìnrin ará Karu, ó sì wá. Òun ló ṣàlàyé fún mi pé pẹ́pẹ́yẹ tiwa, èyí tí ẹran pupa yí ojú rẹ̀ ká, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló ń lò. Ti òyìnbó kì í ṣe irú tiwa, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. A ṣí àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ọmọ ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ti níyẹ̀ẹ́, wọ́n ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n wọ́n ti kú.

"Òtútù ni, Bọ̀dá," ó ní jẹ́jẹ́. "Ẹ ò rí i pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé?"

Mo ya àwòrán gbogbo wọn, òkú àti alààyè, mo fi í sórí Wasáàpù. Lọ́tẹ̀ yìí, alága kò jẹ́ kó pẹ́. "Ẹ kú oríire, Ọ̀gá! Ẹyin ṣáà pa. Bí ó bá jẹ́ pé àìsí iná ló pa àwọn yòókù, kí ló dé tí kò pa eléyìí?" Àwọn tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ tẹ́lẹ̀ wá rí ẹ̀rín fi ránṣẹ́. Aládùúgbò mi kọ ọ́ pé, "Ọ̀rọ̀ tán."

Mo ti ronú lé ìdáhùn yẹn ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n mú ẹni tó yè, wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí àwọn tó kú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ níbi gbogbo ní ilẹ̀ wa, lẹ́nu àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn: ṣebí ẹnì kan ṣáà gba ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn kọjá tí kò kú, ṣebí ẹnì kan ṣáà kàwé lábẹ́ òrùlé tó ń jò, ó sì yege. Bí ọ̀kan bá ti bọ́, wọ́n ti wẹ ọwọ́ wọn mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹyọ pẹ́pẹ́yẹ mi kò jẹ́rìí kankan fún alága. Ó kàn yè ni.

N kò lè tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá kúrò nínú yàrá, a máa ké títí n ó fi dáhùn, mo sì mọ irú igbe bẹ́ẹ̀ ju kí n fi ẹ̀dá mìíràn sínú rẹ̀ lọ. Mo gbé e lọ sí Karu, pẹ́pẹ́yẹ kan tó ní ọmọ níbẹ̀ sì ṣí apá fún un. Bí mo ṣe ń lọ, mo pè é lẹ́ẹ̀kan. Kò wẹ̀yìn.

Iná ìlà wa padà dé nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ alága. Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan ní ìlà kejì kọ ọ́ sórí Wasáàpù pé omi ìdọ̀tí ilé ẹja ń ṣàn wọ kànga òun. Mo rí i bí àmì náà ṣe di búlúù, tí gbogbo ilé dákẹ́. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo gbọ́ yín, Mà. Òótọ́ lẹ sọ." N kò mọ̀ bóyá yóò wúlò fún kànga rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti dá mi lóhùn.