Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Àgbọ̀nrín Inú Fọ́tò Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí fọ́tò kan ṣoṣo fi ojú mi rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ìdí tí n kò fi gbé fọ́tò ẹranko síta mọ́, tó jẹ́ pé ìyàwó àti ọkọ ìyàwó nìkan lẹ ń rí lọ́dọ̀ mi, ìdáhùn yín rè é. Kò dùn ún gbọ́ o. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó jẹun tán ná.

Ẹ mọ̀ pé Ìsẹ́yìn ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi wà. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹran ìgbẹ́ ni mo fẹ́ràn láti máa yà. Ẹ má bi mí nídìí. Bóyá nítorí pé kò sí àgbọ̀nrín kan tó tíì sọ pé kí n bá òun dín ikùn òun kù nínú fọ́tò ni.

Mo ra lẹ́ǹsì gígùn kan, àlòkù, irú èyí tí àwọn tó ń ya bọ́ọ̀lù máa ń gbé sójú. Mo tún ra kọnfátà mọ́ ọn, ìyẹn òrùka onídígí tí wọ́n máa ń há sí àárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì kí ohun tó jìnnà lè túbọ̀ sún mọ́ni. Màámi wò ó títí, wọ́n ní ṣé ìbọn ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ibi tí mo ń lọ wà lójú ọ̀nà Ìpápó, lẹ́yìn oko kájú kan. Abo àgbọ̀nrín kan máa ń jáde síbẹ̀ láàárọ̀, lẹ́bàá àpáta, òun àti ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kéré débi pé etí rẹ̀ ló tóbi jù lára rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ìgbà wo lẹ rí àgbọ̀nrín kẹ́yìn tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn? Èyí tí wọ́n so kọ́ lẹ́bàá títì fún àwọn onímọ́tò ni mo mọ̀ láti kékeré. Èyí wà láàyè, mo sì fẹ́ kó wà láàyè. Kò sí ohun mìíràn tí mo ń wá níbẹ̀.

Nítorí náà mo ń ṣọ́ra. Ojú títì ni mo máa ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, n ó fẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó, n ó sì dúró sí òdìkejì pápá kí wọ́n má bàa gbóòórùn mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn fọ́tò tí mo kọ́kọ́ yà kò dára. Mo gbé ọ̀kan sínú gúrúùpù àwa oníṣẹ́ fọ́tò lórí Wasáàpù, ẹnì kan sì béèrè bóyá ewúrẹ́ ni tàbí àpò ẹ̀wà. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ló ṣàánú mi. Ó ṣàlàyé pé kọnfátà máa ń jẹ ìmọ́lẹ̀, àti pé bí mo bá ṣí ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ pátá pẹ̀lú rẹ̀, fọ́tò náà kò ní mú. Ó ní kí n dín ojú lẹ́ǹsì kù sí f/11, kí n gbé ISO sókè, ìyẹn agbára tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, kí n gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí n má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rárá, rìmóòtù ni kí n lò. Ó ní kí n fi ìbòrí sí ẹnu lẹ́ǹsì nítorí oòrùn, kí n sì tètè lọ kí ooru tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn afẹ́fẹ́ láàárín èmi àti ẹran náà. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo mọ ohun tí dídín ojú lẹ́ǹsì kù máa ń ṣe sí ẹ̀yìn fọ́tò. Oníṣẹ́ ìgbéyàwó wo ni kò mọ̀ ọ́n? Bí ẹ bá ṣí ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ gbayawu, ohun tó wà lẹ́yìn á di èéfín. Bí ẹ bá dín in kù, gbogbo nǹkan á yọ síta. Ṣíṣí i gbayawu ni mo fi máa ń pa ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó rẹ́ lẹ́yìn ìyàwó, tí ẹbí rẹ̀ á sì máa dúpẹ́. Mo mọ bí a ti ń bo àṣírí ògiri. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé àgbọ̀nrín náà ní àṣírí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí fọ́tò náà wá bọ́ sí i, inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìrì. Ẹ lè ka irun etí ìyá. Àmì funfun wínníwínní tó wà lára rẹ̀ yọ kedere, ọmọ sì ti orí bọ abẹ́ rẹ̀, ó ń mu ọmú. Lẹ́yìn wọn ni àpáta tó sán láàárín, àti igi èmì kan tí àrá là sí méjì, apá kan gbẹ, apá kejì ń rúwé. Lẹ́ǹsì gígùn a máa fa ohun tó wà lọ́nà jíjìn mọ́ra, igi àti àpáta wá dúró gbágbáágbá lẹ́yìn wọn, bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti wá ya fọ́tò.

Mo gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì mi. Ẹ má pè mí ní òmùgọ̀ o. N kò kọ orúkọ ìlú, n kò kọ orúkọ ojú ọ̀nà, mo sì ti pa ohun tó máa ń sọ ibi tí a wà lórí fóònù. "Iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀" nìkan ni mo kọ síbẹ̀.

Àwọn ènìyàn kí mi. Àwọn kan béèrè pé ìgbà wo ni a ó se é. Bàbá Ráṣídì náà fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Màámi ni wọ́n, ọdẹ ni wọ́n ní Ìpápó. Wọ́n fi oríkì pè mí, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ojú rẹ dára o. Ojú rẹ dára gan-an ni." Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọn kò yìn mí rí, wọ́n máa ń ní iná ni mo ń ṣẹ́ sí ènìyàn lójú kiri. Inú mi dùn débi pé mo gbé ohùn náà sétí Màámi.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo ń ya ọmọ titun kan lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ dúró yí mi ká, ni mo gbọ́ ọ̀kadà níta. Bàbá Ráṣídì sọ̀kalẹ̀. Ẹrù kan wà lápá wọn, àpò kan sì wà níwájú ọ̀kadà. Wọ́n kí gbogbo ilé, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Ajá mi ti darúgbó," wọ́n wí, "kò gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Kámẹ́rà ọmọ yìí ni ajá mi báyìí."

Wọ́n tú ẹrù náà. Itan ẹran ni, awọ ṣì wà lára rẹ̀. Mo mọ àmì funfun yẹn. Wọ́n ní ìpín mi nìyẹn, pé ẹni tó bá fi ẹran han ọdẹ, itan kan jẹ́ tirẹ̀, láti ayé bàbá àwọn.

Mo béèrè pé, "Ẹran wo ni mo fi hàn yín?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń ṣàwàdà. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n fi ìka méjì fa fọ́tò mi gbòòrò. Wọn kò tilẹ̀ dúró lórí ẹran náà, wọ́n kọjá rẹ̀ lọ sẹ́yìn.

"Igi èmì tí àrá là rè é. Ṣé èmi ni n kò ní mọ̀ ọ́n? Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti máa ń mu gààrí. Wo òjìji rẹ̀ bó ṣe gùn, ibi tó dà sí rè é. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń jáde. Mo lọ dè é, kò pẹ́ rárá tó fi yọ. Fọ́tò àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń rí bí èéfín. Tìrẹ mọ́ kedere, Àbẹ̀kẹ́."

Mo ní, "Bàbá, ó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ẹ rí i pé ó ń tọ́mọ."

"Mo rí i. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn. Ó gbúròó mi, kò sá. Ó dúró kí ọmọ kọ́kọ́ wọgbó ná." Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká. "Mo bá a kí ẹ̀mí tó bọ́, mo ti ṣe bísímílà sí i. Jẹ ẹ́, má fòyà."

Àwọn ẹbí ọlọ́mọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí mi kú oríire. 

Wọ́n wá tú àpò. Ọmọ náà ló wà nínú rẹ̀, ó padà wá ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi rí i mú, wọ́n sì fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ titun kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mo fẹ́ràn fọ́tò ni àwọn fi mú un wá láàyè. "Yà á báyìí. Kò ní sá."

Gbogbo wọn yọ fóònù. Ìyá ọmọ tẹ́ ọmọ tirẹ̀ tì í, ó ní kí n wá fi lẹ́ǹsì ńlá yẹn ya àwọn méjèèjì. Mo gbé e sójú, bóyá kí wọ́n má bàa rí ojú mi ni. N kò rí nǹkan kan. Kùrukùru pupa rúsúrúsú ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo lẹ́ǹsì gígùn, ẹ mọ̀ pé kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn jù. Lẹ́ǹsì tó rí irun etí ìyá láti òdìkejì pápá kò rí ọmọ tó wà níwájú ẹsẹ̀ mi. Mo yí i títí, mo wá parọ́ fún wọn pé bátìrì ti kú. Wọ́n ní fóònù náà á tó.

Bàbá Ráṣídì fi ọmọ ẹran náà sílẹ̀ fún mi. Màámi se itan, wọ́n ní ó dùn. Mo ra mílíìkì àti ike ìfọ́mọlóúnjẹ, ṣùgbọ́n ó ń yí ẹnu kúrò. Ẹ̀yìn aṣọ olódòdó tí àwọn ìyàwó máa ń dúró sí níwájú ni mo tẹ́ ẹ sí. Bí mo bá ń ya ènìyàn lọ́wọ́, a ó máa gbọ́ igbe rẹ̀. Ìyàwó kan ní kí n gbé e wá kí òun gbé e dání nínú fọ́tò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó kú. Ẹni tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bínú sí mi pé mi ò tètè dúńbú rẹ̀, mo fi ẹran ṣòfò.

N kò sọ pé kí ọdẹ má ṣọdẹ. Ẹran Bàbá Ráṣídì ni mo jẹ dàgbà. Ṣùgbọ́n n kò tíì dárí jì wọ́n, n kò sì purọ́ pé mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ya ohun tí kò lẹ́ni tí yóò gbà á sílẹ̀, ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì yín sílẹ̀ gbayawu, kí igi di èéfín, kí àpáta di èéfín, kódà bí fọ́tò náà kò bá mú. Ẹ gé òjìji kúrò. Ẹ má rò pé torí pé ẹ kò kọ orúkọ ibẹ̀ ni ẹ fi bò ó. Ẹni tó mọ ilẹ̀ kì í ka ohun tí ẹ kọ.

Ní báyìí, Bàbá Ráṣídì ń pè mí ṣáá. Wọ́n ní ṣé lẹ́ǹsì náà ti bàjẹ́ ni, pé àwọn ọ̀rẹ́ wọn fẹ́ kí a jọ lọ sí apá Ìwéré-Ilé, kí n gbé ajá mi dání.

Ṣé fọ́tò kan ti ṣe yín bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀yin oníṣẹ́ fọ́tò? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ ó bá fi fọ́tò sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó gbé e síbí. Bàbá Ráṣídì kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbí pẹ̀lú wa, wọ́n ń wo fọ́tò.