Igbá Kan Ṣoṣo Tó Dá Sí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹsẹ̀ mi a máa rùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Egbò kan wà ní ojúgun mi ọ̀tún. Igi ló gún mi lọ́nà odò Ọ̀pàrà, kò sì jinná láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé. Àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣeré kì í jókòó tì mí mọ́. Bí mo bá ń bọ̀, eṣinṣin á ti ṣáájú mi dé. Òyìnbó kankan kò tí ì dé ìlú wa, Tchaourou, nígbà náà, kò sí ilé ìwòsàn, kò sí abẹ́rẹ́. Ẹnì kan ló ní oògùn egbò ní gbogbo agbègbè wa, inú agbolé wa ló sì ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Bàbá ló yẹ kí n máa pè é, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á, kò sì ní í gbà á títí n ó fi kú. Oògùn lúbúlúbú kan ló ní. Bí wọ́n bá bù ú sójú egbò, egbò á gbẹ. Àwọn Gàm̀bàrí tó ń ru obì kọjá máa ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn Bàrìbá ń ti Bétérou wá. Bó bá gún un tán nínú yàrá, á sá a sórí ẹní níwájú ilé, á jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá. Bí ọmọdé bá sún mọ́ ọn, á kígbe pé, “Ẹ má dá oògùn mi kọjá o!” Òun fúnra rẹ̀, ṣe ló máa ń rìn yí ẹní náà ká. Ó ní ẹni tó bá ni oògùn, tó wá fẹsẹ̀ kàn án tàbí tó dá a kọjá, oògùn náà kò ní jẹ́ fún un mọ́ láéláé. Ó gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bàbá mi ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Nígbà tí ìyá mi jáde opó, ọkùnrin yìí ní òun yóò ṣú u lópó. Àṣà wa ni, n kò bá a jà nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti gbọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń dún létí àwọn ìyàwó tó ti wà nílé. Ó kúnlẹ̀ fún un, ó ní, “Bàbá, ọkọ mi ni yín nínú agbolé, mo gbà. Ẹ kò ní í jẹ́ ọkọ mi lórí ẹní.” Ìgbà tí egbò mi wá le, tí ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ tọrọ oògùn, ìgbà náà ni ọkùnrin náà tó fún un lésì. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ìyá mi, ó ní, “Ìyàwó, oògùn wà nínú yàrá mi. Máa wọlé wá mú un.” Ọmọ àbúrò rẹ̀ ń jẹrà lójú rẹ̀ o! Inú ń bí mi títí di òní, n kò sì fẹ́ kó rọ̀.

Ìyá mi kò wọ yàrá náà. Ẹ̀yìn ààtàn ilé rẹ̀ ló gbà lọ. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà máa ń da èèpo igi tó ṣẹ́kù nínú oògùn rẹ̀ sí, gbogbo rẹ̀ ti rún wẹ́wẹ́, o kò lè mọ igi tó ti wá. Ìyá mi ṣà á wálé, ó sè é pọ̀, ó fi fọ egbò mi. Ha! Ẹsẹ̀ náà wú bí ọmú màlúù, mo sunkún títí ohùn mi fi há. Ìgbà yẹn ló yé ìyá mi pé òótọ́ ni ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ: ọkùnrin náà máa ń da èèpo obo, igi olóró, mọ́ ìdọ̀tí rẹ̀ kí ó lè pa olè. Ẹ wo ìwà!

Ẹlòmíràn ì bá jáwọ́. Ìyá mi padà sí ààtàn. Ó ṣa èèpo náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ wọn: èyí tó dúdú, èyí tó funfun, èyí tó pupa, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò nítorí obo. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé, ó ní egbò tó ń rùn àti ẹran tó ń rùn, òórùn kan náà ni, ohun tó bá lè dá ọ̀kan dúró á dá èkejì dúró. Ó pa ewúrẹ́ kan ṣoṣo tí a ní. Ó se èèpo kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó da omi wọn pẹ̀lú èèpo sínú igbá mẹ́rin, ó ju ẹran sínú ìkọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sí ẹ̀yìn ilé wa.

Igbá dúdú àti funfun kò pẹ́ tí wọ́n fi ń rùn. Igbá pupa àti èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú kò rùn rárá. Wàhálà wá dé. Ọ̀kan nínú méjèèjì lè wò mí sàn, èkejì lè jẹ́ obo, ó lè pa mí. Ìyá mi gbé wọn fún adìẹ. Adìẹ gbọ́n jù wá lọ, kò fẹnu kàn án.

Àwọn aládùúgbò ní tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní opó ń fi ẹran bọ nǹkan lẹ́yìn ilé. Wọ́n ní àjẹ́ ni, òun ló pa ọkọ rẹ̀, òun ló ń jẹ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Àwọn tó jẹ iyán ìyá mi ló ń sọ ọ́! Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó àwọn àgbààgbà wá láti lé wa kúrò nílùú. Bó ṣe dé ẹ̀yìn ilé tó rí èèpo igi rẹ̀ nínú igbá, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ń pariwo, ó ń bú ìyá mi, ó gbá igbá dúdú nípàá, ó gbá funfun nípàá, ó gbá pupa nípàá, ẹran fò lọ sínú eruku. Ó kan igbá kẹrin. Ó dúró. Ó ká ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀ sókè, ó rìn yí igbá náà ká jẹ́jẹ́, ó sì ń bá èébú rẹ̀ lọ lódìkejì.

Mo rí i. Ìyá mi rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú èèpo kan nínú igbá náà, ó sọ ọ́ sẹ́nu lójú gbogbo wọn, ó rún un. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ó ní, “Àyìn! Ẹ̀yin bàbá, àyìn ni! Orín tí gbogbo yín fi fọ ẹnu láàárọ̀ yìí, tí ẹ tu itọ́ rẹ̀ dà nù, òun ni ẹni yìí fi ń du ọmọ mi, tó ní kí n fi ara mi rà á!” Àwọn àgbààgbà wo ara wọn. Ọ̀kan lára wọn ní orín rẹ̀ lẹ́nu lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó yọ ọ́, ó ń wò ó.

Kò sẹ́ni tó lé wa mọ́. Egbò mi jinná. Àpá rẹ̀ nìyí, ẹ fọwọ́ kàn án. Ìyá mi kò fi oògùn náà pamọ́, ó ń sọ ọ́ létí odò, ó ń sọ ọ́ lọ́jà, títí tí àwọn ará Sanson pàápàá fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tó pè é lájẹ̀ẹ́ náà wá bi í bí wọ́n ṣe ń sè é. Ó sọ fún wọn. Ká ní èmi ni, n kì bá sọ. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í kí wa títí di òní, àwa náà kì í kí wọn.

Ẹ ní ayé ti là. Òótọ́ ni. Ilé ìwòsàn ti wà báyìí, kò sẹ́ni tó máa sọ fún opó pé kó wọ yàrá wá mú oògùn, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, n kì í ṣe aláìmoore. Àmọ́ nígbà tiwa, bí wọ́n bá fi ohun tó wà nínú oògùn pamọ́ fún wa, inú máa ń bí wa. Ẹ̀yin, inú kì í bí yín. Ní àná, ọmọ ọmọ mi gbé ìgò oògùn kan dé. Mo bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Ó ní òun kò béèrè. Ó gbé e mu, ó nu ẹnu, ó jáde lọ. Ká ní ìyá mi wà láyé ni, ẹ̀yìn ààtàn àwọn tó ṣe oògùn náà ni ì bá ti wà láti àárọ̀.