Ògiri Àkísà ní Agric

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìlọta, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó rántí pé kò sí ohun tí mò ń gbà sílẹ̀. Nígbà tí mo kúrò ní Ẹ̀pẹ́ tí mo wá gba yàrá méjì ní Agric, ní Ìkòròdú, tí mo ní sítúdíò ni mo fẹ́ fi ṣe, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́yìn ilé. Èmi náà kò sì béèrè. Ọjọ́ Àìkú tí onílọta ń sinmi ni mo lọ wo ilé náà, ara mi yá gágá, mo ní ibi tó pa rọ́rọ́ ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Ìgbà tí mo kó ẹrù dé lọ́jọ́ Ajé ni mo tó mọ ibi tí mo kó ara mi sí. Ẹ̀rọ ata ń ké lẹ́yìn, jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọlọ́kadà sì ń fọn fèrè níwájú.

Kí n má parọ́, ẹnu mi mọ iṣẹ́ yìí ju ọwọ́ mi lọ nígbà yẹn. Mo ti gbọ́ pé kíréètì ẹyin ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo má baà wọlé, ni mo bá sọ ara mi di oníbàárà àwọn ẹlẹ́yin láti Agric títí dé Gáréèjì, bẹ́ẹ̀ n kò ra ẹyin kan. Mo lẹ kíréètì mọ́ ògiri, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà, yàrá wá dà bí ilé adìyẹ. Lóòótọ́, ohùn kò ta padà nínú ilé mọ́, ṣùgbọ́n ìró ẹ̀rọ ata ṣì ń wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn olórin tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi á dúró kí onílọta parí ti oníbàárà kan, kí wọ́n tó kọ ẹsẹ tó kàn. A máa ń fi í ṣẹ̀rín.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí ìyá mi pè mí láti Ẹ̀pẹ́. Ẹja ni ìyá mi ń tà, ṣùgbọ́n orin wákà ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá ti Mẹ́kà dé, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí kó wá fi orin pàdé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ kan ti wà lọ́rùn rẹ̀ tipẹ́ tó ń fi ìborùn bò. Nígbà tó yá, gẹ̀gẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́fun, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Dókítà ní àfi kí àwọn gé e, wọ́n sì dá ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ó tún sọ fún un pé iṣan tó ń darí ohùn kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá, pé ohùn rẹ̀ lè yí padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì lè má bọ̀ sípò mọ́. Ìyá mi sọ gbogbo èyí bí ẹni ń ròyìn ọjà. Èmi ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi tí mò ń gba ohùn ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, n kò ní ohùn ìyá mi lọ́wọ́. Ohun tó wà kò ju èyí tí àwọn èèyàn fi fóònù gbà láàrin èrò, níbi tí ariwo ti bo orin mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí.

Mo sáré lọ bá káfíńtà tó wà ní ojúlé kejì sí wa, tí òun pẹ̀lú mi jọ ń ṣe irú ọ̀rẹ́ tó ń jà lówùúrọ̀ tó ń jẹun pọ̀ lálẹ́. A fa kíréètì ẹyin ya. Mo ti kà á níbì kan pé ògiri méjì ló yẹ kí èèyàn ní, kí àlàfo wà láàrin wọn, kí ohun tó rọ̀ sì kún inú àlàfo náà. Aṣọ ìkélé lásán ló pààlà láàrin yàrá mi méjèèjì tẹ́lẹ̀, níbẹ̀ la ti fi páńkó gbé ògiri onípele méjì dìde, a sì fi páńkó bo ti bíríkì yòókù àti fèrèsé. Ohun tí wọ́n ń tà láti fi dí àlàfo kò sí nítòsí, àyè kò sì sí, ni mo bá gba ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ lọ. Àpò àkísà ni mo ń rù bọ̀ láràárọ̀: léèsì, ańkárá, sátíìnì. A kì wọ́n sínú ògiri títí tí páńkó fi ń wú. Ìyá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ràn sí jù láyé mi nìyẹn, nítorí gbogbo ẹnu tí ògiri náà là ni mo dí. Káfíńtà ní ká dá ihò kan sí fún atẹ́gùn. Mo ní ihò tí atẹ́gùn bá gbà wọlé, ìró ẹ̀rọ ata á gbà á. Ó wò mí, ó ṣe hẹ̀n-ẹ́n, ó sì dí i.

Ilẹ̀kùn la fi parí iṣẹ́. Páńkó méjì la kàn pọ̀, a wá ra rọ́bà etí ilẹ̀kùn mọ́tò lọ́wọ́ mẹkáníìkì, a fi yí i ká. Bí a bá fà á dé, ó máa ń ṣe fọ́ọ̀, gbogbo Agric á sì dákẹ́. Inú mi dùn débi pé n kò bìkítà pé a kò tíì kan ọwọ́ ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sínú.

Ọ̀sán Sátidé ni ìyá mi dé, òun àti ẹja gbígbẹ tó dì wá fún mi. Ó wọ inú yàrá náà, ó wo ọ̀tún wo òsì. Ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, àtẹ́wọ́ náà kú sí i lọ́wọ́. Ó béèrè pé àwọn elégbè ńkọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé kó kọ ti lílé nìkan, màá fi ègbè sí i tó bá yá, bí a ti ń ṣe é láyé ìsinsìnyí nìyẹn.

“Mi ò kọrin fún ògiri rí, ọmọ mi,” ló wí. “Bí mo bá lé e, ta ló máa gbè é?”

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbà nítorí tèmi. Ó kọ̀ láti fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, ó ní kò ní jẹ́ kí òun gbọ́ ọ̀fun ara òun. Mo gbé máìkì síwájú rẹ̀, mo tan fáànù fún un, èmi àti káfíńtà jáde, a pa ilẹ̀kùn dé.

Mo fi tèmi sétí níta, mo sì ń gbọ́ bó ti ń ṣe bísímíláì. Ibẹ̀ ni iná lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kò kú, bátìrì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, máìkì náà sì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáànù ti dúró, inú yàrá sì ti ṣú biribiri. Káfíńtà fa ilẹ̀kùn. Rọ́bà ti gbá a mú. Ó tún fà á, ọwọ́ ilẹ̀kùn já sí i lọ́wọ́.

“Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ wà níbẹ̀?” Ohùn rẹ̀ dún ketekete ní etí mi. Mo pariwo pé a wà níbí, Màámi, a ń bọ̀. Mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu páńkó. Ó tún béèrè, bí ẹni tí kò sí ẹnikẹ́ni láyìíká rẹ̀. Iṣẹ́ tí a ṣe dára, ìyẹn ló ba ayé mi jẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ń gbọ́ bí èémí ṣe ń ha lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Mo ń pariwo, mo sì ń sunkún bí ọmọdé. Káfíńtà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, pé kí n gbé òòlù wá. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó ti ọ̀pá irin bọ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já páńkó.

Ìgbà náà ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló ń lé lọ, tàbí ó rò pé bí òun bá kọrin, àwa á gbọ́.

“Ọlọ́run tó mú yín lọ, òun ló mú yín bọ̀ o.”

Ó dákẹ́, ìwọ̀n ìgbà tí ègbè máa ń gbà. Lẹ́yìn náà ló tún lé e. Mo ti gbọ́ orin yẹn láti kékeré, kò sígbà kan tí èrò kò fi Alihamudulilahi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èmi àti káfíńtà ń gbè é níta pẹ̀lú gbogbo agbára wa, ó ń já páńkó, mo ń fa àkísà yọ, kò sì gbọ́ ẹyọ kan. Ó ń lé, ó ń dúró dè wá, ó tún ń lé. Èémí rẹ̀ ń kúrú sí i. Àkísà kún ẹsẹ̀ wa dé orúnkún kí ọ̀pá irin tó lu páńkó inú jáde. Mo ki ọwọ́ bọ ihò náà. Ọwọ́ rẹ̀ bá tèmi nínú òkùnkùn, ó tutù, ó sì dì í mú.

“Ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbè é,” ló wí.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ó sì yọrí sí rere. Gẹ̀gẹ̀ lọ, ohùn náà bá a lọ. Èyí tó kù há, kò sì lọ sókè. Ó ṣì ń ta ẹja rẹ̀, àwọn oníbàárà á tẹ̀ síwájú kí wọ́n tó gbọ́ iye tó dá lé e. Ẹlòmíràn ló ń fi orin pàdé àwọn alálàájì báyìí. Sítúdíò mi ti ní ihò atẹ́gùn àti fèrèsé onígíláàsì, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ní ọwọ́ nínú àti níta.

Kọ̀ǹpútà kò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ló gbà sílẹ̀. Mo pe àwọn elégbè ìyá mi lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n wá fi ègbè kún àwọn àlàfo inú orin náà. Wọ́n wá, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìyá mi á ní kí n tan án fún òun. Ohùn rẹ̀ àtijọ́ á jáde, á mọ́ gaara, á lé e, á sì dákẹ́. Ìyá mi á gbé orí sókè níbi tó ti ń ṣa ẹja, á fi ohùn tó kù fún un sọ pé Alihamudulilahi. Èmi náà á bá a gbè é.