Ọmọ Kan Tó Bọ́ Nínú Bíárìn

Kí ni mo wá ṣe tó burú níbẹ̀ gan-an? Ọmọ bíárìn kan ṣì wà nílẹ̀, mo fi ojú mi rí i, bọ̀bọ́ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe yẹn ti de táyà padà, ó ti ń nu ọwọ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ọ̀kan ṣẹ́kù." Ó wò ó, ó fi bàtà tì í sínú gọ́tà. Ó ní ọ̀kan ò ṣe nǹkan, ṣebí ó ń yí. Ni mo bá figbe ta. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ wá dojú kọ mí, wọ́n ní ṣé kẹ̀kẹ́ mi ni. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ mi. Ti oníbúrẹ́dì kan ni, tó so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere, tó fi ń gbé búrẹ́dì kiri Òṣogbo, tó ń gbé ọmọ ẹ̀ obìnrin sẹ́yìn. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ gan-an ló ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi òun sílẹ̀, oòrùn ń pa búrẹ́dì òun.

Ẹ ní ọ̀rọ̀ mi le jù. Ó le, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ ò mọ bàbá tó kọ́ etí mi níṣẹ́.

Ilé kejì sí tiwa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ń gbé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Òṣogbo ni orí ẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ahọ́n ẹ̀ ò kúrò ní Iléṣà rárá. Ilé, ulé ló máa pè é. Iṣẹ́, uṣẹ́. Àwa ọmọdé á máa sín in jẹ: "Bàbá, ṣé ẹ ń lọ ulé ni?" Á ní, "Ulé bàbá yín ni mò ń lọ, ẹ lọ ṣílẹ̀kùn." Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ẹ̀, ti ẹlẹ́sẹ̀, ti alẹ́ńjìnnì. Tó o bá súnmọ́ ọn, kẹrosín ló ń rùn, pẹ̀lú gírísì àti orógbó tó máa ń jẹ.

Kì í jókòó. Àga wà níbẹ̀, oníbàárà ló ń jókòó lórí ẹ̀. Òun á lóṣòó ti kẹ̀kẹ́, orúnkún á kan àyà, ó lè wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi kírun ọ̀sán tán ní mọ́ṣáláṣí wa. Ìyẹn làwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní Òṣómàáló. Ẹ ṣáà mọ̀ pé báyẹn làwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láyé àtijọ́ ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọ́n á ní àwọn ò dìde àfi tí àwọn bá gba owó àwọn. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òun á kàn rẹ́rìn-ín.

Tí wọ́n bá gbé kẹ̀kẹ́ dé, kò ní bi ẹ́ pé kí ló ṣe é. Á gbé iwájú ẹ̀ sókè, á yí táyà pẹ̀lú ìka kan, á fi etí ti irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́, á wá pajú dé. Àwa náà á dákẹ́. Tí bíárìn bá dáa, á máa dún bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná. Tí yanrìn bá ti wọ̀ ọ́, Bàbá á lanu, á ní, "Ó ń jẹ gúgúrú." Á wá pè mí kí n gbọ́. Mo máa ń gbé etí mi lé irin tútù yẹn, lóòótọ́, gúgúrú ló ń jẹ.

Lẹ́yìn náà, á tú u. Àwọn irin róbótó kéékèèké tó wà nínú bíárìn, ọmọ là ń pè wọ́n. Á dà wọ́n sínú agolo kẹrosín, á máa fọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á yí wọn láàárín ìka bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, á tò wọ́n sórí àkísà kí oòrùn gbẹ wọ́n. Gírísì àtijọ́, á nù ún kúrò pátápátá kó tó fi tuntun sí i. Ó ní ẹni tó bá fi gírísì tuntun lé èyí tó ti dọ̀tí, aṣọ tuntun ló wọ̀ láì wẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, wọ́n pe bàbá mi láàárọ̀ pé ara màmá ẹ̀ ò yá mọ́, kó máa bọ̀ kíá. Abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà ni màmá àgbà wà, nínú oko kòkó, mọ́tò kì í wọ ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ alẹ́ńjìnnì bàbá mi ló máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ iwájú ẹ̀ ti ń jẹ gúgúrú láti ọjọ́ mélòó kan. Ó yà lọ́dọ̀ Bàbá. Bàbá ní kò ní pẹ́.

Òótọ́ ni, kì bá tí pẹ́. Ewúrẹ́ ló wá jẹ èèpo iṣu, tó ta agolo nípàá. Kẹrosín dànù, àwọn ọmọ yí gbirigbiri káàkiri. A ṣa wọ́n, a ṣa wọ́n. Bàbá kà á, ó tún un kà. Ló bá figbe ta:

"Ọmọ kan ti sọnù o!"

Ẹ̀yin ẹ gbọ́ igbe! Ìyá aláṣọ àdìrẹ tó wà lódìkejì ju ọ̀pá ìroaró sílẹ̀, ó sáré wá, aró ń kán lọ́wọ́ ẹ̀. "Ọmọ ta ni? Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ṣé ẹ ti wá a lọ sétí odò?"

Bàbá ò gbójú sókè. "Ó ń dán. Gírísì wà lára ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n fi yé e, ìyá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ aró gbá a létí. Àwa ọmọdé ń yí nílẹ̀ fún ẹ̀rín. Bàbá mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan péré ni."

"Ọ̀kan péré? Ọ̀kan tí ò sí yẹn ni àwọn tó kù á máa wá kiri inú ibẹ̀. Tó o bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Iléṣà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa wá a, táyà á há, á sì gbé ẹ ṣubú."

Ó lóṣòó, ó ń fi ọwọ́ ra ilẹ̀. Ìyá aláṣọ ní, "Òṣómàáló! Ta ló tún jẹ yín ní gbèsè?"

"Ilẹ̀ ló jẹ mí lọ́mọ," ló wí.

Bàbá mi wá bínú. Mi ò rí i kó bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Màmá mi ń kú lọ, irin tí ò tó ẹ̀wà lẹ ń wá! Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ mi fún mi!"

Bàbá dìde. Ó wọlé, ó ti kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ jáde. Kò ní ẹ́ńjìnnì, ẹlẹ́sẹ̀ ni, èyí tó máa ń nù bí ẹni nu abọ́ àlejò, tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dojú ẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú iwájú ẹ̀.

Bàbá mi ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ yọ ọ̀kan fún mi níbẹ̀."

"Ọ̀kan kọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́. Àwọn tìẹ ti jẹ, wọ́n ti kéré. Tí mo bá fi àlejò tó sanra sáàárín wọn, òun nìkan láá ru gbogbo ẹrù, á sì fọ́." Ló bá kó gbogbo ọmọ inú kẹ̀kẹ́ tiẹ̀, ó tò wọ́n sínú gírísì, ó fi súpánà fún nọ́ọ̀tì iwájú kẹ̀kẹ́ bàbá mi pinpin, ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó mi táyà sọ́tùn-ún mì í sósì. Ó yí i. Fùùù. Ó ní, "Máa lọ. Karẹ́," bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe máa ń kí èèyàn.

Bàbá mi bá màmá ẹ̀ láàyè. Màmá àgbà dá a mọ̀, ó pe oríkì ẹ̀, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ kó tó ṣaláìsí. Nígbà tó padà dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí erùpẹ̀ níwájú Bàbá. Bàbá ní ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ó fà á dìde. Lẹ́yìn náà, kò lè mú un mọ́ra, ó na ọwọ́ sí táyà iwájú, ó mì í wò.

Kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ fara ti ògiri fún ìgbà pípẹ́, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dàgbà jù, àwọn ọmọ ẹ̀ wá mú un lọ ulé, ní Iléṣà. Ibẹ̀ ló kú sí.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Tí màmá àgbà bá ti kú kí bàbá mi tó dé ńkọ́? Mo bi bàbá mi rí. Ó ní òun ì bá máa bínú sí Bàbá títí dòní. Ó tún ní, "Àmọ́ ìwọ ì bá ṣì ní bàbá."

Ohun tó kù sí mi lára nìyẹn. Mi ò kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́, mi ò ní súpánà kankan nílé. Àmọ́ tí táyà bá yí kọjá lára mi ní títì, etí mi ti gbọ́ ọ kí n tó mọ̀. Mi ò mọ ibi tí oníbúrẹ́dì yẹn ń lọ. Mi ò mọ ẹni tó ń retí ẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé ọmọ ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, ó di bàbá ẹ̀ mú, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, iwájú kẹ̀kẹ́ yẹn sì ń jẹ gúgúrú.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?