Wọ́n Kí Wa Kú Ọ̀fọ̀ Bàbá Tó Wà Láàyè

Wọ́n wá kí ìyá mi kú ọ̀fọ̀ bàbá mi lónìí, bàbá mi sì wà ní yàrá tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n!

Ẹ gbọ́ o. Àárọ̀ yìí ni lọ́rì já èmi àti ìyá mi sílẹ̀ ní Ìkirè, láti Ìbàdàn. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń bá wọn jà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà ní ọsibítù ti jẹ́ kí gbogbo irun orí wọn re tán.

Ooru mú wọn, wọ́n ṣí gèlè, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Bí Ìyá Rábíù, ọ̀rẹ́ wọn láti Àpòmù, ṣe rí orí kodoro báyìí, igbe ta!

"Yéè! Ìyá Àdùkẹ́, ìgbà wo ni baálé kú? O ò tiẹ̀ ránṣẹ́ pè mí! Kú ará fẹ́ra kù o!"

Opó ló máa ń fárí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, n ò bá wọn wí.

Bàbá mi jáde, ọṣẹ ṣì wà lágbọ̀n wọn. "Ta ló kú?"

Ìyá Rábíù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń jó. "Alhamdulilahi! Ikú ò ní yà sílé yìí!"

Bàbá mi ṣe àmín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe àmín.

Èmi nìkan ni dókítà òyìnbó pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ lánàá. Ó ní àìsàn náà ti wọ ẹ̀dọ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ mọ́, kí n máa mú wọn lọ sílé.

Ìyá mi wá wò mí lójú.

"Àdùkẹ́, ìwọ ò ní ṣe àmín ni?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹnu yín á gbà á?