Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Mi Gbé Lọ sí Pápá Ìjàkadì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ tó fẹ́ jìjàkadì tán láàárọ̀ yìí, mo sì fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́ tábìlì nítorí atẹ́gùn, nígbà tí òórùn pákó tí wọ́n ń rẹ́ lódìkejì pápá gba imú mi. Bàbá mi ni mo rántí.

Káfíńtà ni ní Ọ̀tà. Bí wọ́n bá ti bímọ, yóò yọ pẹ́ńsùlù tó há sẹ́yìn etí rẹ̀, yóò kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ tí wọ́n bí i sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Àwa márààrún wà níbẹ̀. Èmi ni ìkẹta. Bí màmá mi bá ń ráhùn pé kò gba ìwé ọjọ́ ìbí kankan fún wa, bàbá mi á ní, "Ohun tí mo kọ, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo kọ ọ́."

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n mú mi fún ìjàkadì àwọn tí kò tíì pé mẹ́tàlá, ní Ṣàngó nítòsí wa. Mo sígbọnlẹ̀. Kátápílà ni àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa ń pè mí, ó sì ń dùn mọ́ mi. Wọ́n ní kí n mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi tú ilẹ̀kùn kúrò lára férémù, ó gbé e rù. Kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ èrò kan wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ gbé ògiri náà wá, ká lè kó o pọ̀." A fẹsẹ̀ rìn.

Ìyá tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ ka ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà tán, kò rẹ́rìn-ín.

"Mo gbà yín gbọ́, bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá tiẹ̀ náà búra lọ́dún tó kọjá pé kò tíì pé mẹ́tàlá, apá ọmọ kékeré ló ṣẹ́. Ìwé ni òfin sọ."

"Ẹ wo bí pẹ́ńsùlù yẹn ṣe ṣá tó. Ṣé àná ni mo kọ ọ́?"

Ó ní kì í ṣe àná. Kò kọ orúkọ mi.

A fi ilẹ̀kùn lélẹ̀, a jókòó lé e, a wòran. Ọmọ tí mo ti gbé ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nílé ìwé wa ló gba ipò kìíní. Nígbà tí a ń padà lọ, bàbá mi ṣáà ń sọ pé ilẹ̀kùn náà kò wúwo. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ orí mi ti kọjá tiwọn.

Èmi ni mo wà nídìí tábìlì báyìí. Mo ti rí ìwé irọ́ tí òǹtẹ̀ rẹ̀ dán, mo sì mọ ohun tí ìyá yẹn ń bẹ̀rù. Síbẹ̀, bí àwọn ọmọ bá dìmú, apá mi ṣì máa ń wá ẹni tí yóò gbá mú.

Òórùn pákó náà kò tíì lọ nígbà tí ọmọbìnrin kan dé láti Agbárá, òun àti ìyá rẹ̀, láìní ìwé. Ọmọ náà sọ ọjọ́ orí rẹ̀; mo ní mo gbà á gbọ́, mo sì fa àga fún un kó máa wòran. Kò jókòó. Ohun tí ẹnu mi kò gbà láti bi ìyá tó kọ̀ mí lọ́jọ́sí ló bi mí, láìgbóhùn sókè:

"Bẹ́ ẹ bá gbà mí gbọ́, mà, kí ló dé tẹ́ ò kọ orúkọ mi?"