Fèrè Onírọ́bà àti Àmì Ara Ọkọ̀

Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá mi ṣì le, inú awakọ̀ a máa dùn bó bá ti rí i tó ń bọ̀ ní èbúté Igbókòdá. Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe mọ́tò tí kálukú ń jókòó síbi tó wù ú. Awakọ̀ ló ń fi ojú wọn èèyàn: ìwọ tó o fẹ́lẹ́ yìí, bọ́ síwájú, ìwọ àti àpò gàrí rẹ, ẹ kọjá sẹ́yìn. Àárín gbùngbùn ni ti ìyá mi. Bó bá ti fi ìdí balẹ̀ báyìí, ọkọ̀ náà a dúró dáadáa, ìgbì ì báà máa fò. Àwọn èrò a máa ní bí Ìyé, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, bá ti wọlé, àwọn lè sùn títí dé ilé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà tí mi ò mọ̀ pé èèyàn lè sanra kó di ọ̀rọ̀ dókítà.

Orúnkún ló kọ́kọ́ yarí. Orí òpó ni ilé bàbá mi wà, bíi gbogbo ilé abúlé wa, omi ló wà nísàlẹ̀, àkàsọ̀ onípákó la sì ń gbà dé inú ọkọ̀. Ẹni tí kò bá lè gun àkàsọ̀, ó ti di ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, èèyàn mẹ́ta ló ń bá ìyá mi sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan lókè, méjì nísàlẹ̀, òun alára á sì máa ké "orúnkún mi o" láti orí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Dókítà ní Igbókòdá sọ pé orúnkún náà kò tíì bàjẹ́ tán, ẹrù ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kó dín ara kù.

Ohun tí ìyá mi ń fẹ́ kò pọ̀. Ọmọ Òde Mahin ni. Láti ìgbà tí bàbá mi ti fẹ́ ẹ, òun ló ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ kékeré wà á lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀, ìyá mi níwájú, bàbá mi nídìí ọkọ̀, wọn á máa jiyàn lọ, wọn á máa jiyàn bọ̀. Ó fẹ́ tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ yẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni di apá rẹ̀ mú bí àpò ìrẹsì. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní èéfín ẹja ni. Kò sí iná lábẹ́ ẹja kankan lọ́jọ́ náà.

Àbúrò mi ọkùnrin, nọ́ọ̀sì ní Èkó, ló mú ọ̀rọ̀ fèrè wá sílé lọ́jọ́ tó wá kí wa. Rọ́bà kan ni, tó wú bíi fèrè tí àwọn ọmọdé ń fẹ́. Ó ní wọ́n á gba ọ̀nà ẹnu tì í sínú ikùn nígbà tí Ìyé bá ń sùn, wọ́n á rọ omi sí i, á wú, á gba àyè, oúnjẹ díẹ̀ á sì máa tó o. Bó bá pé oṣù mélòó kan, wọ́n á yọ ọ́. Kò sí ọ̀bẹ ńbẹ̀.

Bàbá mi gbé àwọ̀n tó ń tún ṣe sílẹ̀. "Fèrè? Nínú ikùn aya mi? Ṣé ẹ fẹ́ kó máa léfòó ni?"

"Àbá, omi ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́," àbúrò mi dá bàbá wa lóhùn.

"Omi wo?"

"Omi oníyọ̀."

"Omi oníyọ̀!" Bàbá mi na ọwọ́ sísàlẹ̀ ilé. "Gbogbo omi oníyọ̀ tó wà lábẹ́ ulé yìí, Èkó lẹ fẹ́ gbé e lọ pọn sí?"

A rẹ́rìn-ín títí pákó ilẹ̀ ń mì. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bàbá mi fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi ní tiẹ̀ ti rí ohun tó fẹ́. Ọkùnrin kan tó ń fi gbohùngbohùn polówó ní ọjà Igbókòdá ló ta bẹ́líìtì kan fún un, èyí tó ń lo iná tó sì ń gbọ̀n mọ́ni níkùn. Ọkùnrin náà ní ọ̀rá á máa yọ́ nígbà tí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ dé, bàbá mi á fa jẹnẹrétọ̀, ìyá mi á so bẹ́líìtì mọ́dìí, á jókòó lórí àpótí, ojú rẹ̀ á sì dà bíi ti ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ilé pákó ni yóò máa bá a gbọ̀n. Àwo á máa ró nínú kọ́bọ́ọ̀dù, gíláàsì á máa rìn lórí tábìlì. Èmi kì í lè pa ẹnu mọ́. Mo ní ohun kan ṣoṣo tí mo rí tó ń dín kù ni epo jẹnẹrétọ̀.

"Ìwọ tó o tín-ín-rín bí ọ̀pá ọkọ̀," ìyá mi dáhùn, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú bẹ́líìtì, "kí lo mọ̀ nípa ọ̀rá?"

Àríyànjiyàn ọ̀hún kò tán. Àbúrò mi padà sí Èkó, ó ń jà lórí fóònù: bẹ́líìtì kò lè yọ́ ọ̀rá ẹnikẹ́ni, iṣan ló ń gbọ̀n. Ìyá mi ní òógùn ń jáde lára òun, níbo lòógùn ọ̀hún ti wá bí kì í bá ṣe ọ̀rá? Bàbá mi, tí kò nífẹ̀ẹ́ ariwo bẹ́líìtì rí, wá di agbẹjọ́rò rẹ̀ lójijì. Ó ní ohun tó wà lóde ara sàn ju ohun tó wà nínú lọ. Bó bá yíwọ́, èèyàn á tú u sọnù. Ọkàn mi pín sí méjì. Bẹ́líìtì náà, mo mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ronú pé wọ́n fẹ́ ti rọ́bà gba ọ̀fun ìyá mi, àyà mi náà ń já.

Ìyá mi ló dá ẹjọ́ náà. "Ẹ jẹ́ n lo bẹ́líìtì mi títí ọyẹ́ á fi mú. Bí mo bá fúyẹ́, kí fèrè dúró l'Ékòó. Bí mi ò bá fúyẹ́, mo ń lọ."

Kò sí òṣùwọ̀n tó ń wọn èèyàn ní abúlé wa, àfi ti ẹja. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ kó yanrìn tàbí igi lọ́dọ̀ wa a máa fa àmì sára ọkọ̀ rẹ̀ kí omi má bàa kọjá ibẹ̀. Bàbá mi lo ọgbọ́n yẹn. A sọ ìyá mi kalẹ̀ pẹ̀lú "orúnkún mi o" rẹ̀, ó jókòó ní àárín ọkọ̀ kékeré náà lóun nìkan, bàbá mi sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà síbi tí omi dé. Bí ìlà náà bá gòkè kúrò lójú omi, ìyá mi ti fọn nìyẹn. Gbogbo wa gbà pé ọgbọ́n yẹn kò lábùkù.

Nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Igbókòdá, níbi tí mo ń gbé, ìyá mi wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi, òun àti bẹ́líìtì. Ó gbọ̀n, ó sì jẹun. Púpurú àti ọbẹ̀ òbókún kò kọjá lójú rẹ̀ lásán. Nígbà tí mo mú un padà sílé, ọyẹ́ ti mú, bàbá mi sì ti kun ọkọ̀ lọ́dà dúdú, ó ń dán, àmì funfun nìkan ló yọ sílẹ̀ tí kò kùn. Ìyá mi ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ kíá. Ó jókòó sáàárín. A wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Àmì náà ti yọ lókè omi, ó tó fífẹ̀ ìka méjì.

Ariwo tí ìyá mi pa, àwọn ará ilé kejì sáré jáde sórí afárá wọn. Wọ́n bá a kọrin, wọ́n ní kó ta bẹ́líìtì fáwọn. Èmi náà jó, mo wọlé lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bẹ́líìtì níbi tó wà lórí ìṣó. Bàbá mi nìkan ni kò pariwo. Ó tẹ̀ síbi okùn ọkọ̀, ó ń so kókó kan tó ti so tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọjọ́ àyẹ̀wò ìyá mi pé. Ó wọ aṣọ tó dára, ó gun òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó tún wò ó. "Màmá, ẹ ò dín kù o. Ẹ tiẹ̀ fi díẹ̀ kún un." Ìyá mi ní òṣùwọ̀n wọn ti kú. Nọ́ọ̀sì gun un, èmi náà gun un, kò sóhun tó ṣe é.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, awakọ̀ fi í sí àárín gbùngbùn bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí a ń sún mọ́ ilé ló tó bi mí pé, "Ìgbà tá a ti ìkórè dé, ọ̀dà ara ọkọ̀ Àbá rẹ, ṣé ó tutù ni àbí ó ti gbẹ?"

"Ó ti gbẹ."

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ọwọ́ lé orí. Ìgbà yẹn lèmi náà tó mọ̀ ọ́n: ọ̀dà kì í gbẹ sára ọkọ̀ tí wọn kò bá fà kúrò nínú omi. Ọkọ̀ onígi tó ń gbé inú omi ń mu omi. Bí ó bá ti pẹ́, á wúwo, á máa rì díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá wá fà á gòkè lásìkò ọyẹ́, tí wọ́n fi iná imọ̀ ọ̀pẹ rá ìdí rẹ̀, tó gbẹ kí wọ́n tó kùn ún, á fúyẹ́, á sì gbára ró lójú omi nígbà tó bá padà. Kò sí ọmọ abúlé wa tí kò mọ èyí. Ayọ̀ ni kò jẹ́ ká rántí. Ọkọ̀ ló fọn, kì í ṣe ìyá mi.

Inú bí i débi pé orí àkàsọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìjà, kò tiẹ̀ rántí ké orúnkún. Ó máa ń fi "ẹ" bá bàbá mi sọ̀rọ̀ lójú wa. Lọ́jọ́ náà kò fi "ẹ" kankan sí i. "O tàn mí! O fa ọkọ̀ gbẹ kó lè fúyẹ́, o wá jẹ́ kí n máa jó káàkiri bíi were!"

Bàbá mi kò jiyàn. Ó jókòó sórí pákó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo rò pé bó o bá gbà pé o ti fúyẹ́, wàá jókòó sí ulé."

"Kí ló dé tí mo fi gbọ́dọ̀ jókòó sí ulé?"

"N ò lè wa ọkọ̀ dé Èkó," ó wí. "Gbogbo ibi tó o ti lọ látìgbà tí mo ti fẹ́ ọ, èmi ni mo wà ọ́ dé'bẹ̀. Bí ọ́n bá fún ọ lóògùn oorun l'Ékòó tó o sùn tó ò jí, odò wo ni màá gbà wá ọ?"

Èmi dojú kọ ògiri. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn débi pé àyà ń dùn mí. Nígbà tí ìyá mi máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ẹ" sì ti padà sípò.

"Kí ẹ yáa múra nígbà náà. Ẹ̀yin náà ń lọ."

Bó ṣe di pé bàbá mi dé Èkó nìyẹn, nínú agbádá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó jókòó síwájú dókítà obìnrin kan tó kéré sí mi. Obìnrin náà kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó ní Ìyé á bì fún ọjọ́ díẹ̀, pé fèrè náà lè jò, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá lára mu, pé bí wọ́n bá yọ ọ́ tán tí Ìyé padà sídìí ọbẹ̀ bíi tàtijọ́, ara á padà. Bàbá mi bi í pé bó bá jò ńkọ́, ta ni yóò mọ̀? Dókítà ní àwọn ń po aró sí omi inú rẹ̀. Bó bá jò, ìtọ̀ Ìyé á yí àwọ̀.

Ojú bàbá mi là. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tó yé e nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣègùn láti ọjọ́ tí a ti ń jiyàn: àmì tí èèyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi wọlé, bàbá mi di bàtà rẹ̀ mú, kò sì gbé e sílẹ̀ títí tó fi jí.

Lẹ́yìn tí a padà sílé, gbogbo abúlé ló mọ̀ bí bàbá mi ṣe ń kí ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀. Á dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á pariwo lọ sí ilé ìtọ̀, "Ìyé, àwọ̀ wo?"

"Bíi ti àná!"

Àwọn ará ilé kejì náà á dáhùn pé wọ́n dúpẹ́.

Kò rọrùn. Ìyá mi bì, ó bú àbúrò mi, ó ní òun ì bá ti jẹ́ kí bẹ́líìtì gbọ̀n òun pa. Ó sunkún nítorí púpurú, ẹkún gidi, nítorí ìlàjì ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kò lè jẹ tán mọ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo tirẹ̀ lọ jẹ lẹ́yìn ilé, kí òórùn òbókún má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ fèrè náà, ìyá mi kò di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ṣì jẹ́ obìnrin tó tóbi, awakọ̀ ṣì ń fi í sí àárín. Ṣùgbọ́n òun alára mọ ohun tó ti kúrò lọ́rùn orúnkún rẹ̀, dókítà náà sì mọ̀ ọ́n.

Mo wà nílé lọ́jọ́ tó sọ pé òun fẹ́ lọ kí àwọn èèyàn òun ní Òde Mahin. Bàbá mi ti wà nínú ọkọ̀. Ó na ọwọ́ sókè. "Fún mi lọ́ghọ́."

"Ẹ jókòó," ìyá mi wí. Ó kẹ̀yìn sí omi, ó di àkàsọ̀ mú, ó ń sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò ké orúnkún. Ó jókòó síwájú ọkọ̀ níbi àyè rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wà, àmọ́ ọkọ̀ náà kò gbọ́ tirẹ̀. Iwájú ti fúyẹ́ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ, orí ọkọ̀ gbé sókè, atẹ́gùn ń yí i. Ó dìde nídìí ọkọ̀ tó ti ń jókòó sí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ó rìn síwájú díẹ̀, ó jókòó. Kò tíì dọ́gba. Ó tún sún síwájú, ó tún sún, títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn ìyá mi.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ìyá mi wí, kò wẹ̀yìn. Bàbá mi ki àjẹ̀ bọ omi, wọ́n sì lọ.